Kí Oògùn Ara Ríro Má Di Bárakú

KÚTÚBÀ ÀKỌ́KỌ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn ní ìdá tí ó gún régé, tí ó fi làákàyè gbé e ga ju ẹranko lọ, tí kò sì sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. À ń yìn Ín, à ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Mo jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí ní òdodo bí kò ṣe Allāhu nìkan ṣoṣo. Mo sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad, ẹrú Rẹ̀ ni, òjíṣẹ́ Rẹ̀ sì ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipa wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń fi ìpayà Ọlọ́hun ṣe ìkìlọ̀ fún ara mi ṣáájú, lẹ́yìn náà fún ẹ̀yin. Ẹni tí ó bá páyà Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba ni ó là.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, bí a bá dárúkọ oògùn olóró, ojú wa a máa yára lọ sí abẹ́ afárá, sí ibùdókọ̀, sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìta. A ó mi orí, a ó ní kí Ọlọ́hun má fi irú rẹ̀ kan ilé wa. Ṣùgbọ́n oògùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í gbé abẹ́ afárá nìkan. Inú páálí mímọ́ ni ó máa ń wà. Orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ wà lára rẹ̀, dókítà ni ó sì kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń lò ó. Ó ń gbé inú àpò agbádá. Ó ń gbé inú báàgì ìyá ọmọ. Ó ń gbé abẹ́ ìjókòó awakọ̀. Nígbà mìíràn, ó wà lápò ẹni tí ó wà nínú sàfù àkọ́kọ́.

Oògùn ara ríro ni mo ń sọ, pàápàá tramadol, àti codeine tí ó máa ń wà nínú àwọn oògùn ikọ́ kan. N kò sọ̀rọ̀ paracetamol tí a ń lò fún orí fífọ́. Tramadol àti codeine jẹ́ ìbátan morphine, oògùn líle tí wọ́n ń lò fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé tramadol jáde fún títà, ní ọdún 1977, kí ó lè ran ẹni tí ìrora ńlá bá lọ́wọ́. Oore ni ó jẹ́ ní àyè tirẹ̀. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ kán, ẹni tí jẹjẹrẹ ń jẹ lára, ọmọ tí àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde ń bá jà ní òru, gbogbo wọn ni ìrọ̀rùn wọn lè wà lọ́wọ́ dókítà nípasẹ̀ irú oògùn yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ́ḿbẹ́lú wọn. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ lónìí gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni pé oore náà ti fò kọjá ọgbà rẹ̀. Àjọ NAFDAC, tí ó ń ṣe àmójútó oúnjẹ àti oògùn ní orílẹ̀-èdè wa, kò fọwọ́ sí tramadol tí ó ju mílígíráàmù 50 àti 100 lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi nọ́ńbà pè ní 225 kún ìgboro, a sì rí 250 pẹ̀lú. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin ẹyọ 50 tí dókítà máa ń kọ fún aláìsàn lọ. Ní ti codeine, ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe oògùn ikọ́ oní-codeine mọ́ nílẹ̀ yìí, wọn kò sì gbọdọ̀ kó o wọlé, nítorí pé àwọn ọmọ wa ti sọ ọ́ di ohun mímu.

Ìwádìí ńlá kan tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé àti iléeṣẹ́ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa jọ gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé ní ọdún 2017, nǹkan bí mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn ni ó lo oògùn ìbátan morphine wọ̀nyí láìsí ìdí ìṣègùn. Ìwádìí náà sì fi hàn pé bí a bá ka gbogbo oògùn olóró pọ̀, igbó pẹ̀lú rẹ̀, àgbègbè tiwa yìí, Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, ni ó ṣíwájú: ènìyàn 22 ó lé díẹ̀ nínú 100, láàrin ẹni ọdún 15 sí 64. Nínú gbogbo àwọn tí ó ń lò wọ́n ní Nàìjíríà, ẹnì kan nínú mẹ́rin jẹ́ obìnrin. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ilé wa ni wọ́n ń kà.

Báwo ni ohun tí a ń pè ní oògùn ṣe ń di ẹ̀wọ̀n? Ọlọ́hun fi ìrora sí ara wa gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀. Bí iná bá jó ọwọ́, ìrora ni yóò ké sí ọpọlọ pé kí ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Oògùn yìí a máa lọ sí ibi tí ọpọlọ ti ń gba ìròyìn náà, a sì dí i létí. Bí ó ti ń dí i, ọkàn ẹni náà a fúyẹ́, ẹrù ayé a dàbí ẹni pé a sọ ọ́ kalẹ̀ fún un. Ibẹ̀ ni ìdẹkùn wà. Bí ó bá pẹ́, ara yóò mọ́ ọn. Ohun tí ẹyọ kan ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹyọ méjì ni yóò gbà. Ohun tí méjì ń ṣe, yóò di mẹ́rin. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Ní ìkẹyìn, ẹni náà kò jẹ ẹ́ nítorí ìrora ẹ̀yìn tàbí ti ẹsẹ̀ mọ́. Ó ń jẹ ẹ́ kí ara má baà dá a lóró nítorí àìjẹ ẹ́. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n pè é ní bárakú: ohun tí ó fẹ́ bá ara dé ibi ikú.

Ẹni tí ó ń lò ó lè sọ pé: ṣé wọ́n dárúkọ tramadol nínú Àlùkùránì ni? Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò fi orúkọ ìgò dá ọtí mọ̀. Ohun tí ó ń ṣe sí làákàyè ni ó fi dá a mọ̀. Ó kọ́ wa pé gbogbo ohun tí ń pa ènìyàn bí ọtí, èèwọ̀ ni, àti pé ohun tí púpọ̀ rẹ̀ bá ń pani, díẹ̀ rẹ̀ náà èèwọ̀ ni. Ìyá wa Ummu Salamah (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) gbà á wá pé Ànábì kọ gbogbo ohun tí ń pani àti ohun tí ń sọ ara di aláìlágbára. Nínú Sūratul-Baqarah, Ọlọ́hun kìlọ̀ kí a má fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Nínú Sūratun-Nisā', Ó kọ̀ fún wa láti pa ẹ̀mí ara wa.

Àwọn onímọ̀ wa sì là á kalẹ̀ pé ohun tí ìnira bá sọ di ẹ̀tọ́, ìwọ̀n ìnira náà ni a ó fi wọ̀n ọ́n. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún ọ ní ọjọ́ márùn-ún, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Bí ìrora bá kù sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí o padà sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí ń gbé àtẹ kiri. Èyí tí o bá ń gbé mì kí o lè gbé àpò sìmẹ́ńtì púpọ̀ sí i, kí o lè wakọ̀ mọ́jú, tàbí kí o lè ṣe bí akọni lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ, kò sí ìnira tí ó sọ ìyẹn di ẹ̀tọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn àmì rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ohun tí ń jó ilé wa ni a ń pè ní ibà.

Àkọ́kọ́ ni pé òṣùwọ̀n a máa fẹ̀. Oògùn tí wọ́n kọ fún ọjọ́ márùn-ún a wọ oṣù karùn-ún. Ẹni náà a máa ka iye ẹyọ tí ó kù bí ẹni ka owó, àyà rẹ̀ a sì já bí ó bá kù díẹ̀.

Èkejì ni ìfarapamọ́. A máa rà á ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kí oníṣọ́ọ̀bù kan má baà mọ iye tí ó ń jẹ. A rí páálí tí ó ṣófo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a bi í léèrè, a sì bínú kọjá bí ọ̀rọ̀ ṣe tó.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí a ń fi ojú rí. Ọmọlójú a sún kì bí orí abẹ́rẹ́. A máa tòògbé lẹ́nu ọ̀rọ̀, a tún jí, a tún tòògbé. A máa họ ara láìsí èélá. Oúnjẹ a máa sú u, ìgbẹ́ a máa há mọ́ ọn lára fún ọjọ́ púpọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ó máa ń tan ilé jẹ jùlọ. Bí àkókò oògùn bá ti yẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í yán léraléra, imú àti ojú a máa sun omi, ara a máa ta ṣíṣí, oríkèé a máa ro ó, inú a máa ṣí, oorun a sá. Ìyàwó a ní ibà ni, a sáré lọ se àgbo. Ṣùgbọ́n bí ọkọ bá ti wọ yàrá lọ, tí ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, a jáde wá bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ibà kì í lọ báyẹn.

Ẹ̀karùn-ún ni owó àti ìfọkàntán. Owó àjọ a di àwátì. Fóònù ọmọ a sọnù nínú ilé tí àlejò kò wọ̀. Ìrun Súbúhì a kọ́kọ́ pẹ́, lẹ́yìn náà a bọ́.

Ẹ̀kẹfà, ẹ fi etí sí i dáadáa: tramadol, bí ó bá pọ̀ lára, a máa fa gìrì. Ọ̀dọ́ tí kò ní wárápá rí a ṣubú lulẹ̀, a máa gbọ̀n, ẹnu a máa yọ ìfófòó. Ilé a ní àwọn ọ̀tá ni ó ṣe é, wọn a sì gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn tí ń wo ọjọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo àpò rẹ̀ kí ẹ tó wá ọ̀tá kiri.

Bí wọ́n bá sì pa á pọ̀ mọ́ ọtí tàbí oògùn oorun, tàbí tí ó bá pọ̀ jù lára, oògùn yìí a máa bá èémí jà. Ẹni náà a sùn, a máa han-run lọ́nà tí kò ṣe déédéé, èémí a máa jìnnà síra, ètè a máa dúdú. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti fi irú rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sùn tẹ́rùn, tí ó sì jẹ́ òkú ni wọ́n bá ní òwúrọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí parí láìjẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi.

Ọkùnrin kan wá bá mi lẹ́yìn ìrun Ìṣáì ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ yọ̀ǹda kí n sọ ọ́, láìdárúkọ. Ẹ má ṣe wo ojú ara yín. Ẹ gbọ́ ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Bíríkìlà ni. Ó já bọ́ láti orí ilé tí wọ́n ń kọ́, ó fi ìbàdí ṣèṣe, wọ́n sì kọ tramadol fún un fún ọjọ́ díẹ̀. Ọjọ́ pé, ìrora kò tán, iṣẹ́ ń dúró dè é, owó ilé ìwé àwọn ọmọ ń dúró dè é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rà á fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó máa fi dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti di ọdún méjì. Ó sunkún níwájú mi bí ọmọdé.

Mo gbé Àlùkùránì sílẹ̀. Mo ní kí ó gbé ọwọ́ lé e, kí ó búra pé òun kò níí fi ẹnu kàn án mọ́ láti alẹ́ ọjọ́ náà lọ. Ó búra. Mo ṣàdúà fún un. Mo lọ sùn, inú mi dùn pé mo ti gba ẹ̀mí kan là.

N kò mọ ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó bì, ó ṣunú, kò lè sùn, egungun rẹ̀ ń ro ó bí ẹni pé wọ́n ń fi òlù lù ú. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ó tún gbé e mì. Láti alẹ́ náà ni ó ti gbà pé òun ti purọ́ mọ́ Ọlọ́hun, pé kò sí ojú tí òun tún lè fi wo mọ́sálásí. Kò wá mọ́. Àyè rẹ̀ nínú sàfù kejì ṣófo. Mo rí i pé ó ṣófo, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ó ti yan ẹ̀ṣẹ̀ láàyò. N kò lọ sí ilé rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ ni ìyàwó rẹ̀ wá sọ fún mi pé gìrì ti mú un lórí iṣẹ́, pé ilé ìwòsàn ni wọ́n wà.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ó yè é. Àwọn dókítà kò gba oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń tọ́jú ìbàdí tí ó ń ro ó, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, títí ara rẹ̀ fi já.

Ohun méjì ni èmi tí a ń pè ní àfáà kò sọ fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni méjèèjì wà nínú tírà tí mo ní kí ó gbé ọwọ́ lé.

Èkíní: nínú Sūratul-Mā'idah, kí Ọlọ́hun tó sọ̀rọ̀ ọtí ní àyah àádọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ ìtánràn ìbúra ni Ó fi ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ìbúra bá já mọ́ lọ́wọ́, kí ó bọ́ aláìní mẹ́wàá, tàbí kí ó fi aṣọ bò wọ́n, tàbí kí ó tú ẹrú kan sílẹ̀ lóko ẹrú. Bí kò bá ní agbára rẹ̀, kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́hun ti ṣí ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀ fún un. Èmi ni mo fi í sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn tí ó rò pé ó tì.

Èkejì: Ọlọ́hun tìkára Rẹ̀ kò gba ọtí lọ́wọ́ ìran àkọ́kọ́ nínú Ìsìláàmù lọ́jọ́ kan. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ inú rẹ̀ tóbi ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà Ó ní kí wọ́n má sún mọ́ ìrun nígbà tí ó bá ń pa wọ́n. Lẹ́yìn náà ni Ó kọ̀ ọ́ pátápátá. Ọba tí ó dá ara mọ̀ pé ohun tí ó ti wọ inú ẹran ara, a kì í fi ìbínú fà á tu.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ mi wá àwáwí. Ẹ̀sìn ti pé. Èèwọ̀ ni èèwọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa fún ara rẹ̀ ní díẹ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi ara rẹ̀ lé dókítà lọ́wọ́, tí wọ́n ń dín in kù fún un, tí kò sì fi èrú kún un, aláìsàn tí ń gba ìtọ́jú ni a ó kà á sí.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara mi àti fún ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀. Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ọpẹ́ tí ó pọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa Muhammad àti àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ọ̀nà mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde ní mọ́sálásí.

Ìwọ tí ó ń ṣe, tí o sì mọ̀ pé ìwọ ni mo ń bá wí: má ṣe dá a dúró nìkan lójijì nínú yàrá rẹ. Lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ tí ó wà ní Arò ní Abẹ́òkúta, èyí tí ó wà ní Yábàá ní Èkó, àti ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn, gbogbo wọn ni ó ní àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Má ṣe bẹ̀rù pé wọn yóò pè ọ́ ní wèrè. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ohun kan tún wà tí ó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn: bí o bá ti fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ kò lè gbé iye tí ó ń gbé tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí èṣù bá bì ọ́ ṣubú tí o padà sí òṣùwọ̀n àtijọ́, ó lè jẹ́ ìgbà ìkẹyìn. Àánú Ọlọ́hun kò tíì tán. Má ṣe jẹ́ kí ìtìjú ènìyàn ṣe ọ́ ní ohun tí oògùn kò tíì ṣe ọ́.

Ẹ̀yin ará ilé: ẹ lé akátá jìnnà kí ẹ tó bá adìẹ wí. Ẹ má ṣe tú àṣírí rẹ̀ fún àdúgbò, ẹ má ṣe lé e sóde, ẹ má ṣe dè é mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n. Bí ẹ bá bá a tí èémí rẹ̀ ń jìnnà, tí ẹ pè é tí kò dáhùn, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí èébì má baà fún un lọ́fun, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ohun tí ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ bá mu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bí gìrì bá mú un, ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ sì sọ òtítọ́ fún dókítà nípa ohun tí ó jẹ. Oògùn tí ó lè dá èémí padà wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè mọ ohun tí ẹ bá fi pamọ́. Oògùn tí ó bá ṣẹ́kù nínú ilé, ẹ má ṣe fi í sí ibi tí ọmọdé lè dé. Ẹ má sì fi tramadol tàbí codeine ti àgbàlagbà wo ọmọ tí ìrora tàbí ikọ́ ń yọ lẹ́nu. Ó lè pa èémí ọmọ.

Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù oògùn àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé e kiri: Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti sọ ọ́ di mímọ̀ pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìṣègùn láìjẹ́ ẹni tí a mọ̀ sí i, òun ni yóò dáhùn fún ohun tí ó bá bàjẹ́. Ẹ mọ ẹni tí ó ń ra páálí mẹ́ta lọ́sẹ̀ láìsí ìwé dókítà. Ẹ mọ orúkọ rẹ̀, ẹ mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀, a ó bi olúkúlùkù léèrè ibi tí ó ti rí owó rẹ̀ àti ohun tí ó ná an lé. Èrè tí ó wá láti inú èémí tí ó dúró, kí ni ẹ ó sọ nípa rẹ̀?

Àwa ìjọ: ní ayé Ànábì, ọkùnrin kan wà tí ọtí borí rẹ̀, tí wọ́n sì ń mú un wá fún ìjìyà léraléra. Ní ọjọ́ kan, ẹnì kan nínú àwọn tí ó wà níbẹ̀ ṣẹ́ èpè lé e. Ànábì kọ̀ fún un. Ó ní kí wọ́n má ṣépè fún un, nítorí ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́hun àti òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ìjìyà kò fò ó, ẹ̀ṣẹ̀ kò di ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n wọn kò yọ ọ́ kúrò nínú ìjọ. Nítorí náà, bí àyè ẹnì kan bá ṣófo ní ẹ̀gbẹ́ rẹ fún Jímọ̀ méjì, má ṣe dájọ́. Lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní tèmi, ilẹ̀kùn yàrá mi wà ní ṣíṣí lẹ́yìn gbogbo ìrun Ìṣáì. Ẹni tí ó bá wá, n kò níí béèrè ìbúra lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Èmi àti òun ni yóò jọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọwọ́ àdúà sókè.

Ìwọ Ọlọ́hun, Ìwọ Olùwòsàn, wo àwọn aláìsàn wa sàn, èyí tí ó hàn àti èyí tí ó fi ara pamọ́. Àmín. Ìwọ Ọlọ́hun, ẹni tí ìrora gbé dé inú ìgbèkùn, tú u sílẹ̀ pẹ̀lú àánú Rẹ. Àmín. Ṣọ́ làákàyè àwọn ọmọ wa, ṣọ́ ẹ̀mí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ agbára nítorí ẹnu àwọn ọmọ wọn, kí o sì fi ẹ̀tọ́ rọ̀ wọ́n lọ́rùn kúrò níbi èèwọ̀. Àmín. Àwọn tí wọ́n ti tipasẹ̀ rẹ̀ kú nínú wa, Ìwọ Ọlọ́hun, forí jìn wọ́n, kí o sì fi sùúrù sí ọkàn àwọn ìyá wọn. Àmín. Tún ìlú wa ṣe, fún àwọn aṣíwájú wa ní ìpayà Rẹ. Forí jin àwa àti àwọn òbí wa. Má ṣe mú wa kú sínú ohun tí Ìwọ kò yọ́nú sí. Àmín.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ rántí Ọlọ́hun, Òun náà yóò rántí yín. Ẹ dìde, kí a gbé ìrun dúró.